Ọjọ́ Tí Epo Yọ Lára Ọkọ̀ Funfun

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹlòmíì tó bá mi yí i po.

Ní Ifangni níbí, gbogbo ẹnu ló ń sọ ọ́ pé Mùríìdì fẹ́ ri ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sómi. Àwọn tó ń sọ ọ́ ò purọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́ tán, ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ọkùnrin kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí wọ́n ṣì ń kí ní "ẹ káàárọ̀, pátírọ̀n", ìyẹn ọ̀gá, lójoojúmọ́, tó sì ń dáhùn bí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, torí ó mọ ilé wa. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ju ẹ̀rù lọ.

Mùríìdì ọ̀rẹ́ mi fúnra ẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé yìí. Ó ní kí n má bo òun. Ó ní bíbò ló bí gbogbo ẹ̀.

Iṣẹ́ tólìé ló ń kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Sosthène, létí ọ̀nà tó lọ sí Igolo. Tólìé ló ń na ara mọ́tò tó bá wó, òun ló ń tún iwájú ọkọ̀ tó bá fọ́ ṣe. Ibi tí ọwọ́ Mùríìdì ti já fáfá jù ni fíbà, aṣọ funfun kan báyìí bí òwú tí wọ́n fẹ̀, tí wọ́n á tẹ́ síbi tó fọ́, tí wọ́n á wá da résíìnì lé e. Résíìnì yẹn á gbẹ, gbogbo ẹ̀ á le bí eegun.

Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti gbòmìnira. Ọ̀kan ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Lagbé, òmíràn ti kó lọ sí Àjàṣẹ́. Mùríìdì nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bó bá béèrè, Sosthène á ní, "Ó kù díẹ̀." Díẹ̀ yẹn ò tán.

Ibẹ̀ ló wà tí ọkọ̀ fi dé.

Ọkọ̀ onígbòkun ni o, ọkọ̀ ojú omi, gbogbo ara ẹ̀ fíbà. Bàbá kan ní Banigbé ló gbà á lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílùú ẹ̀, ó fi kámíọ̀nù, mọ́tò akẹ́rù, wọ́ ọ kúrò létí ọ̀sà wá sí abẹ́ ọ̀pẹ, ó ní òun á tún un ṣe. Kò tún un ṣe tó fi kú. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Banigbé, níbi tó jẹ́ pé òjò nìkan ni omi tó ń bá wọn nílé?

Àwọn obìnrin tó ń fọ epo ló kọ́kọ́ rí ìwúlò ẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó jìn, ó fẹ̀, kì í dógùn-ún, kì í jò. Wọ́n bá lu ihò sí i nísàlẹ̀ ikùn, ihò tó gba orí ọmọdé, kí wọ́n lè máa da omi ìdọ̀tí nù, wọ́n wá fi àkísà àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ dí i. Wọ́n da ẹyìn sísè sínú ẹ̀, wọ́n bomi sí i, wọ́n kó wọ inú ẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n ń kọrin. Epo á léfòó, wọ́n á gbọ́n ọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kómi má baà wọlé ṣe di kòtò epo, ọdún ń gorí ọdún.

Augustin ni ọmọ bàbá tó ra ọkọ̀ náà. Augustin yìí ló fẹ́ Sadatou, ẹ̀gbọ́n Mùríìdì, obìnrin tó tọ́ Mùríìdì dàgbà nígbà tí ìyá wọn ti kú. Gracia lorúkọ ọmọ wọn obìnrin. Augustin ló wá ronú kàn án pé òun á gbé ọkọ̀ padà sórí ọ̀sà Àjàṣẹ́, òun á ta ìgbòkun, òun á máa fi gbé àwọn àlejò kiri. Ó fi sìmẹ́ǹtì mọ kòtò tuntun fún àwọn elépo. Wọ́n súre fún un. Ó sì gbé ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù Sosthène.

"Pátírọ̀n, ṣé ẹ lè ṣe é?"

Sosthène rìn yí i ká. Kò rí ọkọ̀ ojú omi rí tó ju ti apẹja lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ọkùnrin yẹn ò kọ iṣẹ́.

"Búḿpà ńlá ni," ó ní. "Mùríìdì á ṣe é."

Àwọn oní-zẹ́mì, àwọn tó ń fi ọkàdà gbé èrò, tó páàkì sábẹ́ igi lódìkejì ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí Sosthène rí i pé àwọn èèyàn ń gbọ́, ó gbé ohùn sókè.

"Mùríì, gbogbo èèyàn gbọ́ o. Ọjọ́ tí ọkọ̀ yìí bá gun kámíọ̀nù kúrò níbí, ọjọ́ yẹn ni màá dá ẹ sílẹ̀."

Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ̀ ọ́ lára. Ó sọ fún mi pé ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ṣí fèrèsé.

Ó mú irin òòlù, ó fi ìdí ẹ̀ ń gbá ara ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń gbọ́. Ibi tó bá le, á dún kó kó. Ó ń lọ, kó, kó, kó, ó ń dùn mọ́ ọn. Ìgbà tó dé ìsàlẹ̀ ikùn, ní àyíká ihò àwọn elépo, ó dún pò. Ó gbá a lápá ọ̀tún, pò. Ó gbá a lápá òsì, pò.

Ó họ ọ́ wò. Abẹ́ ẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ Ifangni. Ó gbóòórùn ẹ̀, ó gbóòórùn ọbẹ̀. Epo ti mu fíbà yẹn yó.

Mùríìdì mọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá a jà títí di òní. Kì í ṣe pé kò mọ̀. Ọmọ tí kò lọ síléèwé jìnnà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tólìé tí kò mọ̀ pé résíìnì àti epo ò jọ ń sùn lórí ẹní kan. Ibi tí epo bá wà, résíìnì á gbẹ lórí ẹ̀, á le, á dán, ṣùgbọ́n kò ní lẹ̀ mọ́ nǹkan kan.

Ó kọ́kọ́ ṣe ohun tó yẹ. Ó se omi gbígbóná, ó fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn fọ ikùn ọkọ̀, ó jẹ́ kí oòrùn pa á, ó fi àkísà funfun nù ún. Àkísà pọ́n. Ó tún un fọ̀. Àkísà pọ́n. Bó bá fọ̀ ọ́ láàárọ̀ tó mọ́, oòrùn ọ̀sán á tún fa epo míì jáde látinú, bí òógùn tó ń yọ lára aláìsàn.

Augustin ń wá lójoojúmọ́ lórí ọkàdà ẹ̀. Ó ti pe àwọn àlejò. Ó ti ra ìgbòkun. Òjò sì ti ń ṣú.

"Mùríì, ṣé ọkọ̀ lò ń tún ṣe ni àbí aṣọ lò ń fọ̀?"

"Epo ló wà lára ẹ̀, bàbá Gracia."

"Epo ò tíì pa ẹnikẹ́ni. Mo ní kó o di ihò fún mi, ìwọ ń wẹ ọkọ̀ bí ìyàwó tuntun."

Àwọn oní-zẹ́mì gbọ́. Ó tán. Látọjọ́ yẹn, Mùríìdì ò ní orúkọ míì mọ́.

"Alágbàfọ̀, ẹ bá mi da ṣòkòtò mi mọ́ ọn."

"Alágbàfọ̀ ọkọ̀, bẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ṣé ẹ máa lọ̀ ọ́ náà?"

Ọmọ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, èyí tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Lagbé, wá kí wọn lọ́jọ́ kan. Òun náà pè é ní alágbàfọ̀, ó sì fún un ní ọwọ́ òsì bọ̀, torí pé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Mùríìdì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn korò lẹ́nu ẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Ọjọ́ kejì, Sosthène dúró lé e lórí níbi tó ti ń fọ̀.

"Kí lò ń wá lára ẹ̀ gan-an?"

"Epo ni, pátírọ̀n. Kò tíì tán."

"Epo wo? Èmi ò rí epo."

"Ẹ fọwọ́ kàn án."

Sosthène ò fọwọ́ kàn án. Ẹ rántí ìyẹn. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

"Bò ó," ó ní.

"Pátírọ̀n..."

"Mo ní bò ó. Lẹ fíbà mọ́ ọn, fi màsítíìkì sí i, kó o kùn ún. Ta ló máa wo abẹ́ ẹ̀? Ẹja?"

"Bó bá ṣí lójú omi ńkọ́?"

"Ṣé o máa bá wọn dé ojú omi ni? Bọ̀n, ó tán síbẹ̀. Ohun tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti di ti ẹni tó ni ín." Ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sí i létí. "Àbí o fẹ́ káwọn ẹgbẹ́ ẹ bímọ tán kó o tó kúrò níwájú mi?"

Ó bá tiẹ̀ lọ. Ó lọ jókòó sábẹ́ igi, ó ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní ọ̀gá ẹ̀ ló rán an. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún Mùríìdì. Ó mi orí. Ó ní ọ̀gá rán òun níṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí ọ̀gá sọ "bò ó" yẹn, nǹkan kan nínú òun ti ń retí ẹ̀. Òun ti ń wá ẹni tó máa sọ ọ́.

Ó lẹ fíbà mọ́ ọn. Ó da résíìnì. Ó gbẹ dáadáa.

Ó wá ṣe ohun kan. Ká ní kò ṣe é ni, ì bá lè sọ pé òun ò mọ̀. Ó ki túnúfíìsì, irin tí wọ́n fi ń tú síkúrù, bọ abẹ́ etí ẹ̀, ó gbé e díẹ̀. Kò tiẹ̀ janpata. Ó ṣí wẹ́rẹ́, bí ewé ṣe ń ṣí lára ẹ̀kọ. Abẹ́ ẹ̀ ń dán, epo.

Mùríìdì wò yíká. Sosthène wà lábẹ́ igi. Àwọn oní-zẹ́mì ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tó rí i.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà sí àyè ẹ̀. Ó po màsítíìkì, ohun bí amọ̀ tí wọ́n fi ń dí ojú àpá lára mọ́tò, ó fi bo etí ẹ̀ yíká. Ó mú pàpíyé-vẹ́ẹ̀rì, bébà tó ń họ nǹkan bí ahọ́n ológbò, ó fi dán an títí ọwọ́ èèyàn ò fi ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ó kùn ún ní ọ̀dà funfun.

Ó dáa. Háà, ó dáa lójú. Ohun tó dun Mùríìdì jù nìyẹn nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi: inú ẹ̀ dùn sí i. Àwọn tó ń kọjá lọ ń dá ọkàdà dúró láti wò ó. Kò sẹ́ni tó pè é ní alágbàfọ̀ mọ́. Augustin fọwọ́ gbá a léjìká.

"Bófẹ̀rẹ̀, àna mi, o ṣe é o. Mo bú ẹ, mo mọ̀. Má bínú."

Ìgbà tẹ́nì kan bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ lórí ohun tí ìwọ lo jẹ̀bi ẹ̀, kí lo máa wí? Mùríìdì ní, "Kò tọ́pẹ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni Sadatou gbé oúnjẹ wá. Ẹ̀kọ àti ẹja díndín. Ó pọn Gracia sẹ́yìn. Ó dúró níwájú ọkọ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ilé tuntun.

"Mùríì, ṣé èyí náà ni kòtò epo yẹn?"

"Òun ni, ẹ̀gbọ́n."

"Bàbá Gracia ní èmi àti ọmọ la máa kọ́kọ́ jókòó sínú ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kan omi. Ó ní oríre ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àyà mi ń já. O mọ̀ mí. Odò tí mo mọ̀ ò ju èyí tí a ti ń rẹ ẹ̀gẹ́. Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀."

Mùríìdì ń ṣí ewé ẹ̀kọ. Ewé yẹn bọ́ wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀.

"Ṣé ó le?" Sadatou béèrè.

"Ó le bí òkúta."

"Torí pé ìwọ lo tún un ṣe ni mo fi gbà láti jókòó síbẹ̀ o. Ká ní ẹlòmíì ni, mi ò ní gbà."

Mùríìdì la ẹnu. Ó ní òun la ẹnu, pé òtítọ́ ti dé ẹnu òun, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Sosthène ké sí i lábẹ́ igi: "Mùríì, wá gbé bẹ́ǹṣì yìí, ọ̀la làwọn èèyàn ń bọ̀." Ó lọ gbé bẹ́ǹṣì.

Kò jẹ ẹ̀kọ yẹn.

Ọjọ́ kejì, oòrùn yọ bí ẹni pé wọ́n rán an. Wọ́n to àga. Kámíọ̀nù dé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Àwọn elépo Banigbé náà wá, Ìyá Ràhímátù ló ṣáájú wọn, ìyá arúgbó tó ti fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn nínú ọkọ̀ yẹn títí orúnkún ẹ̀ fi kọ iṣẹ́. Ó ní àwọn wá sin ìkòkò àwọn dé ilé ọkọ.

Sadatou wọ léèsì funfun tó wọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ Gracia.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dá ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á dúró níwájú ẹ̀, á da àtíkè lé e lórí, á gbàdúrà fún un, á wá fi irin iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Gbogbo èèyàn á dójú kọ ọmọ náà. Bí wọ́n ṣe dójú kọ Mùríìdì nìyẹn, gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀. Òun nìkan ló dójú kọ ọ́.

Sosthène da àtíkè lé e lórí. Ó funfun mọ́ ọn lọ́rùn. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

"Ọwọ́ tó o fi ṣiṣẹ́ yìí ò ní dójú tì ẹ́."

"Àmín."

Mùríìdì gbé ojú sókè. Lára ikùn ọkọ̀, lórí ọ̀dà funfun yẹn, ó rí ibì kan tó pọ́n. Kékeré báyìí, bí ojú abẹ́rẹ́.

"Ohun tó o bá lẹ̀ pọ̀, kò ní tú."

"Àmín."

Ojú abẹ́rẹ́ yẹn di ojú ẹja. Òmíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Oòrùn ń mú un, ó ń gùn, ó ń ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pupa lórí funfun, yíká àmì ihò yẹn gan-an, bí ẹni tó ń fi ìka yàwòrán òbìrí.

"Àwọn tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ẹ, wọn ò ní kábàámọ̀."

Sadatou ló dáhùn jù níbẹ̀. Ohùn ẹ̀ ló rinlẹ̀ jù lọ: "Àmín o, Olúwa."

Ó kù fún Mùríìdì láti nàka. Kò kù ju kó nàka lọ. Ṣùgbọ́n òòlù wà lọ́wọ́ Sosthène, wọ́n ń gbé e bọ̀ wá sọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Àmín." Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba òòlù.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Augustin ní kí gbogbo èèyàn wá síbi ọkọ̀ ká ya fọ́tò. Gracia ti gun inú ọkọ̀ lọ láti orí kámíọ̀nù, ó ń sáré nínú ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń dún gbì gbì gbì. Sadatou wá fara ti ikùn ọkọ̀, ó fa àbúrò ẹ̀ mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù tí Augustin gbé sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fara tì í," Mùríìdì ní.

"Kí ló dé? Ṣé ọ̀dà ò tíì gbẹ ni?"

"Ẹ ṣáà sún wá."

Ó sún wá. Léèsì funfun yẹn ti pọ́n láti èjìká dé ìbàdí.

Ìyá Ràhímátù ló rìn síwájú. Ó fi ìka kan kan aṣọ Sadatou, ó fi kan ahọ́n.

"Epo wa ni," ó ní. Ó wo ọkọ̀, ó wo aṣọ. "Aláṣọ àlà kì í lọ sí ìsọ̀ elépo. Àmọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé ìsọ̀ elépo lòun wà ńkọ́?"

Augustin ti fi fóònù sápò. Ó fi èékánná họ ọ̀dà. Ó bọ́. Ó wo Mùríìdì, ó mú túnúfíìsì kan lórí bẹ́ǹṣì, ó ki í bọ abẹ́ màsítíìkì, ó gbé e.

Gbogbo ẹ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jábọ́ sílẹ̀, ó dún pá, odidi, bí ìdérí ìkòkò.

Ihò yẹn la ẹnu sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń dún nínú ọkọ̀ dúró. Ọwọ́ kékeré kan yọ jáde nínú ihò náà. Gracia ni. Ó rí ìmọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ jáde, ó ń mì í sí wa, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ìyá ẹ̀ mú ọwọ́ yẹn dání, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Augustin yíjú sí Sosthène. "Pátírọ̀n, kí lèyí?"

Ẹ bá mi gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ.

"Kí ni? Èmi náà ń bi ẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ṣe é, èmi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀." Ó gbá Mùríìdì létí, àtíkè fò sókè bí èéfín. "Olè. O fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n bò ó," Mùríìdì ní.

"Èmi? Nígbà wo?"

"Níbí gan-an, lọ́jọ́ tí mò ń fọ̀ ọ́. Ẹ ní ẹja ló máa wo abẹ́ ẹ̀."

"Ẹ gbọ́ ọ o. Ẹ gbọ́ ọmọ tí mo ń gbàdúrà fún ní ìsinsìnyí." Ó ja òòlù gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó mú àkísà tó ti pọ́n fún epo tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó fi nu àtíkè kúrò lórí ẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, ó ń nù ún bí ẹni ń nu tábìlì. "Mo ti gbà á padà. Má jẹ́ kí n rí ẹ níbí mọ́."

Àwọn oní-zẹ́mì gbọ́ "bò ó" lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Méjì nínú wọn gbọ́, mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n wo ilẹ̀. Sosthène ló ń bá wọn na ọkàdà wọn bó bá ṣubú.

Ìbínú gbé Mùríìdì. Ó ní ká ní òòlù yẹn ṣì wà lọ́wọ́ òun ni, òun ò mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Ó ń ké lé Sosthène lórí, "Ẹ̀yin ni, ẹ̀yin lẹ rán mi, ẹ sọ òtítọ́."

Ohùn Sadatou ló dá a dúró. Kò pariwo.

"Mùríì. Ìgbà tí mo bi ẹ́ bóyá ó le, ṣé o ti mọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, pátírọ̀n ló..."

"Mi ò bi ẹ́ ní pátírọ̀n. Sosthène ò jẹun lọ́wọ́ mi rí. Ìwọ lo jẹun lọ́wọ́ mi. Ṣé o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"O mọ̀ pé èmi àti ọmọ yìí la máa jókòó síbẹ̀."

"Mo mọ̀."

Sadatou wá gun orí kámíọ̀nù, ó gbé ọmọ ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó pọ̀n ọ́n lé epo tó wà lẹ́yìn aṣọ ẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Kò gun ọkàdà ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀ mọ́. Kámíọ̀nù gbé ọkọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé Augustin ló gbé e lọ. Àwọn àlejò bá tiwọn lọ. Sosthène ṣì wà létí ọ̀nà, ó ti gba ọmọ iṣẹ́ tuntun. Bí mo bá kọjá níbẹ̀, ó ń ṣe mí bíi kí n ju òkúta. Mi ò jù ú. Ìwé yìí ni mo jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ọ̀gá yín lè sọ pé "bò ó". Á ki ọwọ́ tiẹ̀ bọ àpò, ọwọ́ tiyín ló máa mú búrọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tó bá tú, ọwọ́ tó wà nínú àpò ò ní ọ̀dà lára.

Mùríìdì lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Augustin. Nígbà tó yá, Sadatou ló jáde. Ó ti fa léèsì funfun yẹn ya. Ó ju èyí tó mọ́ nínú ẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀.

"Omi gbígbóná wà nínú ilé ìdáná. Ọṣẹ wà níbẹ̀. Fọ ọkọ̀, kó o fi èyí nù ún. Ọjọ́ tó o bá fi nu ọkọ̀ yẹn lọ́sàn-án gangan tó ṣì funfun, kó o pè mí."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Bó o bá wá lẹ ihò yẹn tán, ìwọ la máa kọ́kọ́ gbé sínú ẹ̀ lórí ọ̀sà. Ìwọ nìkan. Èmi àti Gracia á dúró létí omi, a ó máa wò ẹ́."

Òun náà ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ó sọ fún mi. Ó ń lá a lálàá. Ṣùgbọ́n ó ń lọ lójoojúmọ́, ó ń fọ̀ ọ́. Àwọn oní-zẹ́mì tún ti ń pè é ní alágbàfọ̀, kò sì wo ẹ̀yìn.

Mo lọ bá a níbẹ̀ lánàá. Oòrùn ti dé àtàrí. Ó mú léèsì yẹn, ó fi nu àyíká ihò náà, ó ká a, ó tú u, ó gbé e sójú oòrùn, ó ń wò ó.

Sadatou sọ̀rọ̀ látinú ilé, kò yọjú.

"Ó funfun?"

"Ó ṣì pọ́n díẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Tún un fọ̀."